Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Àga àti Tábìlì Onígi Kùn Nílé, Bí Ẹ Kò Bá Tiẹ̀ Ṣe É Rí

"Mo ra ọ̀dà tó dáa, mo kun tábìlì mi, ó ń dán lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ẹ̀gẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí lórí iṣẹ́ yìí, èyí ló pọ̀ jù. Ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀: ọ̀dà yẹn kò rí ibi dì mọ́. Ó jókòó lórí fáníìṣì àtijọ́ tó ń yọ̀, lórí epo ọwọ́ àti ọ̀rá ọbẹ̀, lórí eruku Àbújá tí kì í tán lára nǹkan. Ẹ lè ra ọ̀dà tó wọ́n jù ní Dei-Dei, ọjà ohun ìkọ́lé Àbújá; tí abẹ́ rẹ̀ kò bá mọ́, bíbó ni yóò bó.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fífọ̀ àti fífá fi pọ̀ níbí ju ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹni tó bá ti bèèrè iye owó tábìlì ìjẹun tuntun ní ọjà àga Kugbo yóò gbà pé wàhálà náà tó bẹ́ẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú igi tó wà níwájú yín

Ẹ dojú àga náà délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fa dúróà jáde kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí wọn kò kùn ló ń sọ òótọ́.

- Igi gidi, bí arère, afàrá, ọ̀gànwó, ìrókò tàbí mẹlaínà: ìlà igi hàn títí dé etí. Èyí ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.
- Pílíwúùdù: ẹ ó rí ìpele-ìpele ní etí rẹ̀. Ó ṣeé kùn, àmọ́ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Sáńdípépà tó le lè fá ojú náà tán.
- MDF, pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀: kò ní ìlà kankan nínú. Etí rẹ̀ máa ń mu omi, á sì wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́.
- Fọmáíkà, pátákó tí wọ́n lẹ ojú dídán bí ike mọ́: ìlà igi tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ àwòrán lásán. Ó ṣeé kùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi í kọ́ṣẹ́.

Ẹ tún wò ó bóyá ikán wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka kan igi tó sì dún bí ohun tó ṣófo, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀, ọ̀dà kò sì lè pa kòkòrò. Ẹ gbé e síta, ẹ fi oògùn igi tí àwọn káfíńtà ń lò sí i, kó gbẹ dénúdénú kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ àwọ̀.

Èrò tèmi ni pé tó bá jẹ́ ọ̀gànwó tàbí ìrókò gidi tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, kí ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹ fá fáníìṣì àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹni tó bá ti fi ọ̀dà funfun bo irú igi bẹ́ẹ̀ yóò jìyà kó tó rí i yọ.

Ìkìlọ̀ lórí ọ̀dà àtijọ́. Tí àga náà bá ti dàgbà gan-an, tí wọ́n sì ti kùn ún léraléra, ẹ gbà pé òjé lè wà nínú ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìhà Àríwá kò ní tíì gbàgbé Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi iṣẹ́ wúrà ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ẹ má fá a ní gbígbẹ. Ẹ ra sáńdípépà tó ń gba omi, ẹ máa rin ín bí ẹ ti ń fá a, kí ẹ sì lé ọmọ kékeré àti aláboyún jìnnà síbẹ̀.

## Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó mú ọjọ́

Ibí yìí ni ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún ìlú òyìnbó ti máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á ní kí ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ní Àbújá nínú oṣù kìíní, ká má tiẹ̀ sọ Kano tàbí Katsina, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù ti ránṣẹ́ pe eruku Sàhárà wá sórí tábìlì rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́, láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ọ̀dà olómi á ti máa gbẹ kí ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì padà dé, ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Tí ẹ kò bá lè dúró, yàrá kan tí ẹrù kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ gbá a, kí ẹ sì fi omi nu ilẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde, kí ẹ pa fáànù. Àríwá-ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà fèrèsé ìhà gúúsù ni kí ẹ ṣí, kí òórùn ọ̀dà lè rí ibi jáde. Ẹ máa jáde síta lóòrèkóòrè láti mí.

Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Oòrùn ni ọ̀tá yín. Ẹ má gbé nǹkan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sínú oòrùn pé kó lè tètè gbẹ: òkè ọ̀dà á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù, ojú rẹ̀ á wá lé roro. Abẹ́ bárándà ló yẹ ẹ́. Abẹ́ igi kò dára, nítorí ẹyẹ àti ewé.

Ìgbà òjò. Igi ti mu ọ̀rinrin, gloss, ìyẹn ọ̀dà olóròóró tó ń dán, sì lè pẹ́ kó tó gbẹ ju ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ẹ má sì kun ohunkóhun mọ́ tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́.

Tí wọ́n bá ní kí n yan, ìparí oṣù kẹwàá ni n ó mú. Òjò ti ń lọ sílé, ọyẹ́ kò tíì dé.

## Ohun tí ẹ máa rà

Ẹ kò nílò láti dé Dei-Dei nítorí àga kan. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tó wà ní Nyanya, Kubwa tàbí Lugbe ti tó.

- Sáńdípépà oríṣi mẹ́ta: nọ́ḿbà 80, 150 àti 220. Nọ́ḿbà náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń ga sí i ló ń kúnná sí i.
- Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, irú Top Bond, àti lẹ́búlẹ́bú igi. Ọ̀fẹ́ ni èyí lọ́dọ̀ káfíńtà àdúgbò yín.
- Púráímà igi tàbí undercoat olóròóró, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú ọ̀dà gan-an.
- Ọ̀dà.
- Búrọ́ọ̀ṣì íǹṣì 2 tí irun rẹ̀ kì í já, àti rólà fọ́ọ̀mù kékeré.
- Tọpentáìnì, ọṣẹ ìfọṣọ, kànrìnkàn, àkísà tí kì í yọ òwú.
- Ìbòmú, ìbọ̀wọ́, téèpù bébà, ìwé ìròyìn àtijọ́.

Ọ̀dà wo ni kí ẹ mú? Ẹ gbàgbé ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́ kù sílé. Emulsion kò wà fún ohun tí èèyàn ń jókòó lé tàbí tí ó ń gbé ife lé: ó ń mu ìdọ̀tí, kò ṣeé fọ̀ dáadáa, ohun tí ẹ bá gbé lé e á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Gloss le, ó ń dán, ó ṣeé nù. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ lágbára, funfun rẹ̀ ń di ràkọ̀ràkọ̀ bó bá pẹ́, gbogbo kùdìẹ̀kudiẹ ọwọ́ yín ni yóò sì hàn nínú dídán rẹ̀. Satin olómi kì í dán tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó máa ń bo àṣírí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Òun ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Àmọ́ ẹ ka ara agolo: satin kan wà tó jẹ́ ti ògiri. Èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ igi sí lára ni ẹ ń wá.

Mélòó ni yóò tó? Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 níbùú-lóròó lẹ́ẹ̀kan. Ojú tábìlì tó gùn ní mítà 1.5, tó fẹ̀ ní mítà 0.9, kò ju mítà 1.35 níbùú-lóròó lọ. Kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ kún un, lítà kan ṣì tó. Oníṣọ́ọ̀bù lè fẹ́ fi gálọ́ọ̀nù lítà 4 lé yín lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ ṣeun. Ọ̀dà tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní orúkọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

## Iṣẹ́ gan-an

1. Ẹ tú gbogbo ohun tó bá ṣeé tú. Ọwọ́ dúróà, ínjì, dígí, tìmùtìmù. Súkúrù ibì kọ̀ọ̀kan wọnú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ẹ kọ 1, 2, 3 sẹ́yìn àwọn dúróà, nítorí àwọn tó jọra kì í sábà gba ihò ara wọn. Ohun tí kò bá ṣeé yọ, ẹ fi téèpù bébà bò ó.

2. Ẹ fọ ọ̀rá kúrò. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú sáńdípépà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fá a, ńṣe ni ẹ ń ti ọ̀rá wọnú igi. Ẹ po ọṣẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi kànrìnkàn fọ ibi tí ọwọ́ àti orí ti máa ń kan àga, àti etí tábìlì. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rin sínú omi lásán nu ọṣẹ náà kúrò. Lára MDF, aṣọ tí ẹ ti fún gbẹ ni o. Tí ẹ bá ti ń fi páálíìṣì nù ún tẹ́lẹ̀, ẹ fi àkísà àti tọpentáìnì nu gbogbo ara rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

3. Ẹ dí ihò, ẹ so ohun tó ń mì. Ẹ po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, kí ẹ fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ihò. Kí ó ga díẹ̀ ju ojú igi lọ, nítorí ó ń sún kì bó bá gbẹ. Ẹsẹ̀ àga tó ń mì, ẹ yọ ọ́, ẹ fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ fi okùn dì í le di ọjọ́ kejì. Ojú ìsopọ̀ tó ń mì ni ọ̀dà ti máa ń kọ́kọ́ là.

4. Ẹ fi sáńdípépà fá a. Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè bóyá dandan ni kí fáníìṣì àtijọ́ tán pátápátá. Kì í ṣe dandan. Tó bá ṣì dì mọ́ igi, kí dídán rẹ̀ ṣáà lọ. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi abẹ kọ àgbélébùú kékeré sí ibi tó pamọ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ fà á já lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fáníìṣì bá bá téèpù wá, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Bí kò bá bá a wá, fífá díẹ̀ tó.

Nọ́ḿbà 80 wà fún ibi tó ti ń bó àti ibi tí ẹ dí nìkan. Ẹ fi 150 fá gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀. Ẹ wé sáńdípépà mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan kí ọwọ́ yín má bàa gbẹ́ kòtò, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ìlà igi. Ẹni tó bá fá a gba òdì, ojú fífá náà á hàn lábẹ́ ọ̀dà. Ojú pílíwúùdù àti MDF, 220 nìkan. Ìbòmú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbí yìí, pàápàá bó bá jẹ́ ìrókò, torí eruku rẹ̀ máa ń mú ara yún, ó sì ń le mọ́ ẹni tó ní àìsàn ikọ́ fée.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó lòdì sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ibi tó bá ṣì ń dán, ẹ padà síbẹ̀.

5. Ẹ nu eruku. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà aṣọ tó tutù díẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Bí inú yàrá kan náà ni ẹ ti fá a, ẹ nu ilẹ̀, ẹ jáde, kí eruku tó wà lófuurufú balẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún un nù, kí ẹ wá ṣí agolo.

6. Ẹ fi púráímà sí i. Kó fẹ́lẹ́, kó sì dọ́gba. Fífò tí àwọn kan ń fo ibí yìí ló ń fa àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó máa ń yọ lójú ọ̀dà funfun lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀gànwó àti ìrókò ní oje aláwọ̀ nínú, ọ̀dà olómi sì ń fà á jáde. Lára irú igi bẹ́ẹ̀, púráímà olóròóró ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Etí MDF náà fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di ọjọ́ kejì.

7. Ẹ fi 220 kàn án wẹ́rẹ́. Kí ọwọ́ fúyẹ́. Ẹ nu eruku rẹ̀.

8. Ọ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ fi igi rò ó láti ìsàlẹ̀ wá; ẹ má gbo agolo, kó má bàa hó. Ẹ bu ìwọ̀nba sínú abọ́, ẹ dé agolo padà. Bí ẹ bá rí èèpo tàbí ẹ̀gbin nínú rẹ̀, ẹ fi àwọ̀n sẹ́ ẹ. Abẹ́ àti inú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ kí ẹ tó dé ojú tábìlì. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dé ìdámẹ́ta irun rẹ̀, ẹ fà á gùn tẹ̀lé ìlà igi, kí ẹ sì máa lọ. Ibi tó bá ti ń fẹ́ gbẹ, ẹ má padà fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó dùn yín tó. Ojú tó tẹ́jú, rólà ló dára fún un.

Bí ọ̀dà bá ki jù, omi díẹ̀ ló wà fún satin, tọpentáìnì fún gloss. Kerosíìnì tí àwọn kan ń dà sí gloss máa ń pa dídán rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ti bẹntiróòlù kò yẹ ká máa sọ: ó ń jó ilé.

9. Ọ̀dà kejì. Gloss, ó di ọjọ́ kejì. Satin, iye wákàtí tí wọ́n kọ sí ara agolo. Ẹ tún fi 220 kàn án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Funfun àti yẹ́lò lè gba ẹ̀kẹta. Ìpele méjì tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ; èyí tó nípọn máa ń ṣàn, ó sì ń pẹ́ rọ̀.

10. Ẹ fi sílẹ̀. Gbígbẹ yàtọ̀ sí líle. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ẹ lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbé nǹkan lé e, kí oṣù kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí ẹ tó tẹ́ aṣọ tábìlì onírọ́bà sí i. Ẹ kó súkúrù padà pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ.

## Bó bá ti bàjẹ́

- Ó ń bó: ọ̀rá tàbí dídán wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fá ibẹ̀ dé ibi tó dì mú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 2.
- Ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́: ó nípọn jù, tàbí ọ̀rinrin pọ̀, tàbí kerosíìnì ni wọ́n dà sí i. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí kò bá yí padà, ẹ fá a.
- Eruku ọyẹ́ bà lé e: ẹ má fọwọ́ yọ ọ́ nígbà tó tutù. Kó gbẹ tán, ẹ fi 220 fá a, ẹ fi ìpele kan kún un.
- Ó hunjọ: thinner líle tàbí ọ̀dà ọkọ̀ ni ẹ fi lé gloss àtijọ́. Kò sí àtúnṣe mìíràn ju kí gbogbo rẹ̀ kúrò lọ.

## Ọ̀rọ̀ iná

Tọpentáìnì àti thinner kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí gáàsì, ẹni tó ń mu sìgá, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé bí iná NEPA bá lọ, ẹnìkan nínú ilé lè sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ láìbi yín. Àkísà tó ti mu ọ̀dà olóròóró, tí ẹ bá ká a jọ sí igun kan, lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ síta kó gbẹ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má da tọpentáìnì sí gọ́tà.

## Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe gbogbo èyí

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà wà ní Kugbo, iṣẹ́ wọn sì máa ń dán ju ti búrọ́ọ̀ṣì lọ. Fún wọ́dúróòbù ńlá tàbí fọmáíkà, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi yóò gbé e lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fá a kí wọ́n tó fọ́n ọn, kí ẹ sì sọ fún wọn bí gloss bá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fá a.

Ẹni tí owó tàbí àyè kò gbà lè kun ẹsẹ̀ tábìlì nìkan, kó fi fáníìṣì sí ojú rẹ̀. Ó máa ń rẹwà, iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré sí ìdajì. Bí ọkàn yín kò bá sì tíì balẹ̀, ẹ fi àpótí ìjókòó kékeré kan bẹ̀rẹ̀, kí tábìlì àlejò dúró ná.

Ọ̀dà tó bá kù, ẹ dé e pinpin, kí ẹ kọ déètì, orúkọ àwọ̀ àti ohun tí ẹ fi kùn sí ara agolo náà. Bí ẹsẹ̀ àga bá họ lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni ẹ máa wá.